Irú Iná Wo Ni Yóò Bá Yín Wọ Ilé Tuntun?

  

Nígbà tí tọkọtaya bá ń kọ́lé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ohun tí wọ́n máa ń forí korí lé lórí. Wọn a jíròrò nípa iye yàrá, nípa irú páànù tí yóò bo òrùlé, nípa táìlì tí wọn yóò tẹ́ sí pálọ̀ àti ọ̀dà tí wọn yóò fi kun ara ògiri. Ṣùgbọ́n iná tí a ó fi se oúnjẹ, iná tí a ó fi gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná, àti ohun tí yóò mú ara ọmọ móoru nígbà ọyẹ́, ó di ọjọ́ tí a bá kó ẹrù wọlé kí a tó rántí wọn. Nígbà náà, ibi tí bíríkìlà bá fi sílẹ̀ ni a ó fi ṣe ilé ìdáná, iná tí ó bá sì sún mọ́ wa ni a ó dá. Mo fẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò lónìí, nítorí díẹ̀ ni ó kù kí àṣìṣe lórí rẹ̀ gba ẹ̀mí èmi àti àkọ́bí mi.

Òru ọyẹ́ kan ní Òwu

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni mo bí àkọ́bí mi. Ilé kan tí a háyà ní Òwu, nínú ìlú Abẹ́òkúta níhìn-ín, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé nígbà náà. Ilé tuntun ni: àjà wà lókè, gíláàsì tí a ń fà sọ́tùn-ún fà sósì wà lójú fèrèsé, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń pa dé pinpin. Ìyá ọkọ mi wá bá wa tọ́jú ọmọ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Wọ́n mọ ìtọ́jú ọmọ púpọ̀. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tọ́ dàgbà.

Ní òru ọjọ́ kẹsàn-án, ọyẹ́ mú gidigidi. Wọ́n sọ fún mi pé, “Ìyàwó mi, ara ọmọ tuntun kò gbọdọ̀ tutù. Jẹ́ kí n gbé iná díẹ̀ wọlé.” Mo dáhùn pé, “Ẹ ṣeun, Màmá.” Èmi tí mo kàwé dé yunifásítì, tí mo sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé sítóòfù eléèédú sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ẹyín iná náà pọ́n, kò sì rú èéfín rárá. Wọ́n pa fèrèsé dé, wọ́n fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn kí òtútù má baà wọlé, a sì sùn.

Nígbà tí ó di nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, orí fífọ́ ni ó jí mi. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi. Ó yẹ kí ọmọ ti máa sunkún ọmú láti bí wákàtí kan, ṣùgbọ́n kò sunkún. Mo pe Màmá, wọn kò dáhùn. Ọkọ mi tí ó sùn sí pálọ̀ ni ó gbọ́ ìró mi nígbà tí mo ṣubú lulẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ọmọ jáde sí gbangba, ó sì padà wá fa èmi àti ìyá rẹ̀ jáde. Dókítà tí ó tọ́jú wa sọ pé bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i nínú yàrá náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ.

Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ báyìí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, ìyá ọkọ mi sunkún títí ojú wọn fi wú. Wọ́n ń sọ pé, “Bí mo ti tọ́ baba rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ mẹ́fà, n kò pàdánù ọ̀kan.” Òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Kí ni ó wá yí padà?

Ilé ni ó yí padà

Èéfín kọ́ ni ó fẹ́ pa wá. Èédú tí ń jó máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní carbon monoxide. Bí a bá mí in símú, a máa gba ààyè nínú ẹ̀jẹ̀ wa lọ́wọ́ atẹ́gùn rere tí ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ gbé kiri ara. Ẹni tí ń sùn kò ní mọ̀. Oorun rẹ̀ yóò kàn máa jinlẹ̀ sí i ni. Nítorí náà, pé ẹyín iná kò rú èéfín kì í ṣe ẹ̀rí pé kò léwu.

Nínú ilé tí ìyá ọkọ mi ti tọ́ àwọn ọmọ wọn, ògiri kò kan òrùlé. Àlàfo wà láàárín orí ògiri àti páànù, kò sí àjà, fèrèsé onípákó ibẹ̀ kò sì pa dé dáadáa. Afẹ́fẹ́ búburú ń gba ibẹ̀ jáde, atẹ́gùn rere sì ń gba ibẹ̀ wọlé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ronú nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà wa kì í dáná sí àárín ilé. Nígbà tí àwọn Òwu wá dara pọ̀ mọ́ àwọn Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1834, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ ibẹ̀ dó, koríko ni a fi ń bo ilé. Iná tí a kò ṣọ́ lè jó odidi agbo ilé. Ìdí nìyí tí ẹ̀yìnkùlé fi jẹ́ ibi tí ó tọ́ fún ààrò.

Ilé tiwa òde òní yàtọ̀. A fi àjà dí òkè, a fi gíláàsì dí fèrèsé, a sì mú ilé ìdáná kúrò ní ẹ̀yìnkùlé wá sí ẹ̀gbẹ́ pálọ̀. A yí ilé padà, ṣùgbọ́n a kò yí ìlò iná padà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọjọ́ tí a bá ń ya àwòrán ilé ni ó yẹ kí a yan iná, kì í ṣe ọjọ́ ìṣílé. Ẹni tí yóò sì máa dúró níwájú iná náà lójoojúmọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan

Igi ìdáná. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ro àmàlà láfún fún ogún ènìyàn mọ ohun tí òwe yìí ń sọ: ìkòkò kò gbọdọ̀ mì nígbà tí a bá ń fi agbára ti orógùn. Fún àsè àti ìkòkò ńlá, igi ṣì wúlò. Ṣùgbọ́n lórí ààrò mẹ́ta, ìdá kan péré nínú mẹ́wàá ooru igi, tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó ń wọ inú ìkòkò. Ìyókù ń bá atẹ́gùn lọ. Èéfín rẹ̀ kì í sì í ṣe ojú nìkan ni ó ń ta. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, afẹ́fẹ́ búburú láti inú iná ìdáná ilé pa ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 3.2 ní gbogbo ayé, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì ju 237,000 lọ nínú wọn.

Èédú. Èédú kì í dọ̀tí ìkòkò bí igi, kò sì ń ta ojú. Ìwọ̀nyí gan-an ni ó fi ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ ti gbọ́ ìtàn tèmi. Bí ẹ bá fẹ́ lo èédú, ìta gbangba ni àyè rẹ̀. Má ṣe gbé e wọ yàrá, bí ó ti wù kí ọyẹ́ mú tó, àní bí fèrèsé kan bá tilẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Kẹrosíìnì. Nígbà èwe wa, sítóòfù kẹrosíìnì ni àmì ọ̀làjú, ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbà pé ó mọ́ ju igi lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe gba àwọn ènìyàn níyànjú láti máa lò ó nínú ilé, nítorí ohun tí èéfín rẹ̀ ń ṣe fún ara. Ní Ìbàdàn tí kò jìnnà sí wa, àwọn olùwádìí ṣe àyẹ̀wò aboyún 324 tí ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní sítóòfù tí ń lo ethanol, ohun olómi tí ń jó láìrú èéfín. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nínú ìfúnpá àwọn tí ó gba sítóòfù tuntun dára ju ti àwọn tí kò pààrọ̀ iná wọn lọ bí oyún wọn ti ń dàgbà. Ewu mìíràn tún wà: kẹrosíìnì tí a bá da bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ lè gbiná lójijì. Má ṣe ra èyí tí o kò mọ orísun rẹ̀, má sì ṣe da epo sí sítóòfù tí iná wà lórí rẹ̀.

Iná mànàmáná. Kò rú èéfín, kò ní ẹyín iná, kò sì ń tú afẹ́fẹ́ búburú sínú ilé. Ohun méjì ni ó kù sí i lára: kì í sí nígbà gbogbo, owó rẹ̀ sì ti gòkè. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, a gbé owó yúníìtì kan sí naira 225 fún àwọn àdúgbò tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́; ó sì ti yí padà láti ìgbà náà. Sítóòfù oníná mànàmáná tún ń fẹ́ wáyà tí ó nípọn tí ó dá dúró. Bí ẹ bá ní pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lórí òrùlé, ẹ rántí pé èyí tí ó tó fún gílóòbù àti fáànù kò tó fún sítóòfù.

Gáàsì. Ó ń tètè gbóná, ó ń gbọ́ràn sí ọwọ́ ẹni tí ń lò ó, kì í sì í sọ ìkòkò di dúdú. Nínú gbogbo iná tí ń jó, òun ni ó mọ́ jù tí ó sì rọrùn láti rí ní ìlú wa. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà tirẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ mọ̀. Ó wúwo ju atẹ́gùn lọ; bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ni ó ń rọ́ sí, yóò sì máa dúró níbẹ̀ de ẹni tí yóò ṣáná. A fi òórùn kan sínú rẹ̀ kí a lè tètè mọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn náà, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun tí ń lo mànàmáná. Ẹ ti sílíńdà pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo ènìyàn sì jáde.

Ìṣirò tí kò le

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé èwo ni ó wọ́n jù nínú gáàsì àti iná mànàmáná. Nítorí pé iye owó àwọn méjèèjì kì í dúró sójú kan, ọ̀nà ìṣirò ni n ó fún yín. Agbára ooru tí ó wà nínú kílò gáàsì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti yúníìtì mànàmáná 13. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ó ń wọ inú ìkòkò. Lórí sítóòfù oníná mànàmáná, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó ń wọ̀ ọ́. Bí a bá dà wọ́n rò, kílò gáàsì kan ń ṣe iṣẹ́ tí ó sún mọ́ ti yúníìtì 9.

Nítorí náà, ẹ mú iye tí ẹ ń ra yúníìtì kan, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 9. Bí yúníìtì bá jẹ́ naira 225, ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ naira 2,025. Bí kílò gáàsì bá dín ní iye yìí lọ́jà, gáàsì ni ó dín owó. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, mànàmáná ni. Ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo sílíńdà sára kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ tí ó bá tán, ẹ pín owó rẹ̀ sí iye ọjọ́ tí ó lò. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ ó mọ iye tí iná ń gbà lọ́wọ́ yín lójúmọ́, bí ẹ ti mọ iye tí ata ń gbà.

Ohun tí ẹ ó sọ fún bíríkìlà

Kí a tó gbé ògiri dé ìdajì ni kí ẹ ti sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Kí ilé ìdáná ní fèrèsé méjì lára ògiri méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé, kí ó sì gba èkejì jáde. Fèrèsé kan ṣoṣo tí ó kọjú sí ògiri aládùúgbò kò tó.

2. Kí ihò afẹ́fẹ́ wà lókè fún ooru, kí òmíràn sì wà nísàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, fún gáàsì tí ó bá jò.

3. Kí àyè sílíńdà wà ní ìta, lábẹ́ ìbòòji, níbi tí yóò ti dúró ṣánṣán, kí ó má sì sún mọ́ gọ́tà tàbí kànga. Kí ihò kékeré wà lára ògiri tí rọ́bà rẹ̀ yóò gbà wọlé. Ẹ máa fi ọṣẹ olómi pa ojú ibi tí rọ́bà ti so. Bí ó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn.

4. Kí oníṣẹ́ iná fa wáyà tí ó nípọn sí ilé ìdáná kí a tó rẹ́ ògiri, bí ẹ kò tilẹ̀ ní owó sítóòfù mànàmáná lónìí.

5. Kí ilẹ̀kùn kan ṣí láti ilé ìdáná sí ẹ̀yìnkùlé, kí àyè ààrò sì wà níbẹ̀ lábẹ́ páànù tí kò ní ògiri yíká.

Omi ìwẹ̀ àti òtútù ọyẹ́

Kò yẹ kí a máa dá iná igi nítorí gárawà omi kan. Láti mú lítà omi 20 lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìwẹ̀ nígbà ọyẹ́, kò gbà tó ìdajì yúníìtì mànàmáná. Ẹni tí ó bá ń fi irin ìgbómi-kaná sínú gárawà gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó tó fi ọwọ́ kan omi, kí ó sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Èyí tí kò náni lówó rárá ni dúrọ́ọ̀mù dúdú tí a gbé sínú oòrùn láti àárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, omi rẹ̀ yóò ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ní ti ara ọmọ, ibi tí ó móoru jù ní ilé ni àyà ìyá rẹ̀. Ẹ gbé ọmọ sí àyà, ara kan ara, kí ẹ fi aṣọ bo ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ sì dé fìlà sí i lórí. Ẹ pa fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbà wọlé dé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìkejì ṣí díẹ̀. Kò sí iná kankan tí ó ní iṣẹ́ nínú yàrá tí a ti ń sùn.

Bí àwa ti ṣe tiwa

Ní ọdún 2022 ni àwa náà bẹ̀rẹ̀ ilé tiwa. Nínú àwòrán tí a kọ́kọ́ yà, ilé ìdáná kéré, fèrèsé kan ni ó sì ní. Mo bá ọkọ mi sọ ọ́, ó ní, “Ìyá Ọmọ, èyí náà tó.” N kò bá a jà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó wá bá mi ro láfún nínú ilé ìdáná tóóró ti ilé tí a háyà. Kí láfún tó jinná, òógùn ti bò ó, ó sì ti jáde lẹ́ẹ̀mejì láti lọ gba atẹ́gùn. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, òun fúnra rẹ̀ ni ó mú àwòrán náà padà lọ.

Gáàsì ni a yàn fún ojoojúmọ́, sílíńdà rẹ̀ sì wà ní ìta. Sítóòfù kékeré oníná mànàmáná wà fún ìgbà tí gáàsì bá tán lójijì. Ààrò mẹ́ta wà ní ẹ̀yìnkùlé fún àsè. Ìyá ọkọ mi ni ó yan ibi tí a tò ó sí, wọ́n sì mọ ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà fẹ́ ju gbogbo wa lọ. Ohun kan tí mo kábàámọ̀ ni pé a sún wáyà tí ó nípọn síwájú, a ní ó di ìgbà tí owó bá dé. A tún fọ́ ògiri tí a ti rẹ́ tí a sì ti kùn, iye tí ó ná wa sì ju ti wáyà lọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni mo bí ọmọ wa kejì. Ọyẹ́ tún mú. Ìyá ọkọ mi tún dé. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n tú bùbá wọn, wọ́n gbé e lé àyà, wọ́n sì fi aṣọ òkè wọn bò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo fèrèsé, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, dìde, ṣí ìyẹn díẹ̀.”

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má dúró de ọjọ́ tí a óò kó ẹrù wọlé. Nígbà tí baba bá gbé àwòrán ilé dé, ẹ jókòó tì í, kí ẹ fi ìka tọ́ ibi tí iná yóò wà, kí ẹ sì béèrè ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò gbà jáde. Ilé tí ẹ ń kọ́, iná kò ní jó o. Ayọ̀ ni ẹ ó fi máa se oúnjẹ jẹ nínú rẹ̀.